Kílò Mẹ́rin tó Lé Lára Akínlàjà

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún gùn ún."

Akínlàjà sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ ìwọ̀n náà. Ó mí kanlẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ lé e nígbà kẹta. Dígí tó wà níwájú pẹpẹ tàn. Ohùn obìnrin kan jáde látinú rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó sì sọ ohun tó ti sọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀:

"Akínlàjà ọmọ Fáníyì, àgbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó fi kílò mẹ́rin ju ti Ọjọ́ Ajé tó kọjá lọ. Jíjẹ ni."

Àwọn tó tò sẹ́yìn gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣe "hùn." Obìnrin kan tó pọn ọmọ yí ojú sí ògiri, bí ènìyàn ti máa ń ṣe tí wọ́n bá ń na ọmọ ọlọ́mọ lójú rẹ̀.

Dúróoríkẹ́ tó jókòó sídìí dígí náà ni olùwọ̀n àdúgbò. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń wọn àwọn ará Òkè-Ìrókò ní gbogbo Ọjọ́ Ajé. Ó mọ kílò wọn ju bó ti mọ orúkọ ọmọ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lórí pẹpẹ yìí, kò dìgbà tí dígí bá sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ìyá kan náà ló bí wọn, òun ló sì gbé e kọ́ èjìká sọdá odò lójoojúmọ́ nígbà tó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní, kí omi má bàa ba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́.

"Kí lẹ jẹ?" ó béèrè. Ó sa ipá rẹ̀ kí ohùn òun má yàtọ̀ sí bó ti ń bi àwọn yòókù.

"Ohun tí wọ́n pín fún mi ni mo jẹ."

"Bọ̀ọ̀dá mi."

"Àbẹ̀kẹ́, mo ní ohun tó wà nínú àpò ọ̀sẹ̀ ni mo jẹ. Mi ò tilẹ̀ jẹ ẹ́ tán."

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, Akínlàjà nìkan ló kù tó ń fi pè é. Ojú tì í pé ó pè é bẹ́ẹ̀ lójú èrò.

Bọ́tìnì méjì ló wà nísàlẹ̀ dígí náà, pupa àti funfun. Wọ́n kọ JÍJẸ sára pupa, wọ́n kọ ÀÌSÀN sára funfun. Àwọn tó ṣe Òfin Ara Yíyá ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ẹ̀rọ á sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni yóò tẹ bọ́tìnì. Láàárín ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni Dúróoríkẹ́ ti tẹ funfun, aboyún sì ni gbogbo wọn.

"Ẹ lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mò ń bọ̀ wá bá yín."

Akínlàjà wọ sílípáàsì rẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ inú wọn.

Ọ̀gá Pópóọlá, olórí Ilé Ìwọ̀n, ti rí i lórí dígí tirẹ̀. Ó jáde látinú yàrá, ó tẹ̀ sí etí Dúróoríkẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan rí. Tí ẹ bá tẹ pupa, oṣù mẹ́ta ní Ọgbà Ìtúnra nìyẹn."

"Mo mọ̀, sà."

"Tí ẹ bá tẹ funfun, tí àwọn dókítà ò wá rí àìsàn kankan lára ẹ̀ ńkọ́? Ẹ mọ ẹni tó jókòó sórí àga yìí kí ẹ tó dé. Ọkọ ẹ̀ ló tẹ funfun fún. Ọsibítù ò rí nǹkan kan ju àkàrà lọ. Ó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ báyìí." Ó nà ró. "Ẹ lọ wo ilé ìdáná rẹ̀ bí òfin ṣe wí, kí ẹ tẹ ọ̀kan kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀rọ ò ní ẹ̀gbọ́n, ìyáàfin. Ìdí nìyẹn tí a fi rà á."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú ni Pópóọlá. Dúróoríkẹ́ fúnra rẹ̀ ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kan ní orúnkún nítorí àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n gé èkejì. Láyé ìgbà yẹn, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta mínírà àti bisikíìtì wà níwájú gbogbo ilé, oko kò sì sí ní tòsí mọ́. Nínú agboolé wọn nìkan, ènìyàn mẹ́ta ló ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn. Ìgbà tí òfin dé, tí àpò ọ̀sẹ̀ dé, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ fún oníkálukú, àwọn kan bú u. Dúróoríkẹ́ kò bú u. Ọdún kẹrin rèé tí wọn kò tíì gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìrókò. Ó rò pé ìyá òun ìbá ṣì wà láàyè bí wọ́n bá ti ṣe é ṣáájú.

Òun àti Akínlàjà jọ rìn lọ sí ilé Akínlàjà. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni Akínlàjà dúró kó tó débẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ògiri ilé onílé, ó ń mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tètè lọ," Dúróoríkẹ́ wí láì wẹ̀yìn. "Ọ̀sán ń bọ̀."

Ilé ìdáná náà mọ́ tónítóní. Àdògán ìjọba wà láàyè rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti pa dé. Tí ènìyàn kò bá gbé ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìjọba dè mọ́ ọn lọ́wọ́ lé e lórí, kò ní gbaná. Oúnjẹ tí kò sì sí nínú àpò ọ̀sẹ̀, kò ní sè é. Dúróoríkẹ́ wo abẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ń na ọwọ́ sí i nígbà tó rí odó ìyá wọn ní kọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó tutù, omi wà níbẹ̀.

"Kí lẹ gún?"

"Ewúro."

"Ewúro?" Dúróoríkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń fi odó iyán gún ewúro?"

"Ẹsẹ̀ mi ló ń wú. Wọ́n ní kí n máa mu omi rẹ̀ láàárọ̀."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tá a jọ ń ṣoko létí odò."

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu yìí kan náà ló sọ pé iṣu tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá nínú ahéré òun, èbù tí òun fẹ́ gbìn ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣí igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iyán gbígbóná ló wà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń rú. Dúróoríkẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ náà kó wá gba ìwé ìkìlọ̀. Kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe wò ó.

Ó yọjú sí yàrá. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, kò jọ ibi tí ènìyàn sùn sí. Àga onítìmùtìmù kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrọ̀rí mẹ́ta wà lórí rẹ̀, aṣọ ìbora sì wà nílẹ̀.

"Orí àga lẹ ń sùn?"

"Tí mo bá dùbúlẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà. Èémí mi kì í délẹ̀."

"Ẹni tó bá yó jù ni irú ẹ̀ máa ń ṣe."

Akínlàjà jókòó sórí àga náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Mo parọ́ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, Àbẹ̀kẹ́," ó wí. "Mi ò parọ́ fún ẹ lónìí."

Dúróoríkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, ibi tí ọkàn rẹ̀ máa ń padà sí nìyí: ẹnu ọ̀nà yìí, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó pẹ̀lú ọwọ́ lórí orúnkún. Kò sí ohun tó yẹ kó mọ̀ tí wọn kò tíì sọ fún un. Ó gbọ́ ti ẹsẹ̀, ó gbọ́ ti èémí. Ó kàn ti mọ ohun tó ń wá kó tó wọlé, ó sì gbà pé òun ti rí i nínú odó.

Ó ní nítorí Akínlàjà ni òun fi fẹ́ tẹ pupa. Oṣù mẹ́ta tí ènìyàn ń jẹ ìwọ̀nba, tó ń rìn káàkiri pápá láàárọ̀, kò lè pa á. Ẹsẹ̀ gígé ló ń pa ènìyàn. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà nìyẹn bó ti ń padà lọ sí Ilé Ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, àga rẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ wà nínú rẹ̀.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ló tẹ pupa.

Ọkọ̀ Ọgbà Ìtúnra dé ilé Akínlàjà kó tó di aago kan. Kò ní awakọ̀. Ó dúró gẹ́lẹ́ níwájú ilé, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí nígbà tó gbọ́ òórùn irin ẹ̀gbà ọwọ́ onílé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdé àdúgbò ti máa ń sọ. Akínlàjà ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kékeré kan. Dúróoríkẹ́ rò pé yóò bínú. Ó ti gbára dì fún ìbínú.

"Bá mi bomi rin ebòlò," Akínlàjà wí. "Ìlà méjì tó wà létí odò. Àpò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń dúró dè é fún. Má jẹ́ kí oòrùn pa á."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Dúróoríkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Akínlàjà wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó tẹ ara síwájú bí ẹni tó ń wá ohun tó jábọ́, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Ọjọ́ kejìlá ni nọ́ọ̀sì kan pè é. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tó débi iṣẹ́ ní Ọgbà náà.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ìbátan bàbá Akínlàjà?"

"Àbúrò rẹ̀ ni mí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù ńlá, mà. A ti gbé wọn débẹ̀."

Ẹnu Ìbídùn ló ti gbọ́ bí ọjọ́ mọ́kànlá náà ṣe lọ, ní kọ́rídọ̀ ọsibítù, tí àwọn méjèèjì dúró. Wọ́n dín oúnjẹ Akínlàjà kù sí ìdajì. Ìwọ̀n rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní ó ń jí oúnjẹ àwọn ẹlòmíràn jẹ, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń tì. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i. Láàárọ̀, wọ́n ní kó máa rìn yípo pápá pẹ̀lú àwọn yòókù. Kò rìn tó ìdajì rẹ̀ tó fi ń jókòó sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni.

"Lánàá, wọ́n ní kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀gbà ọwọ́ wọn, torí ó ti há," Ìbídùn wí. "Mo gé e. Ojú ẹ̀ jìn wọnú ẹran ara. Mo bá wo ẹsẹ̀ wọn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn báyìí, mo yọ ọ́, ihò yẹn dúró síbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ìka bọ àkàṣù ẹ̀kọ." Omi lé sí i lójú. "Omi ni, mà. Kì í ṣe oúnjẹ."

Dókítà tó ń tọ́jú Akínlàjà jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ láì yára.

"Ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀. Kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri bó ṣe yẹ, omi wá ń jókòó sí ẹsẹ̀, ó ń gun òkè bọ̀ sí inú, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ṣé kì í ṣòro fún un láti mí tó bá dùbúlẹ̀?"

"Ó máa ń dà bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e láyà," Dúróoríkẹ́ wí.

"Ó sọ fún ẹnì kan?"

"Ó sọ fún mi."

Dókítà náà wò ó, ó sì wo báàjì olùwọ̀n tó wà láyà rẹ̀. Kò bá a wí. Ó dorí kọ ìwé rẹ̀, ó kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀.

"Ká ní ó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn," ó wí níkẹyìn, "oògùn la ò bá fún un, a ò bá ní kó dín iyọ̀ kù, kó máa lọ sílé. Ní báyìí, ibi tó ti bàjẹ́ nínú ọkàn yẹn kò ní padà. A ó ṣe ohun tá a bá lè ṣe."

Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi fa omi náà. Kílò mẹ́tàdínlógún ni. Nígbà tó tán, wọ́n tún wọn Akínlàjà. Kílò márùndínláàádọ́rin ni òfin fún un láyè láti ní. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ló kù. Ìgbà yẹn ni egungun èjìká rẹ̀ yọ síta, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọlé. Abẹ́ omi ni gbogbo rẹ̀ ti wà látọjọ́ yìí.

"Kò jẹun," dókítà wí. "Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí kò ti jẹun dáadáa."

Dúróoríkẹ́ lọ sí ilé Akínlàjà lọ mú aṣọ wá fún un. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àpò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, Akínlàjà ti tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí déètì wọn. Kò jẹ tó ìdajì nínú ọ̀kankan wọn. Kòkòrò ti wà nínú ẹ̀wà. Ẹja gbígbẹ náà ti bu.

Ó dojú odó ìyá wọn dé, ó jókòó lé e, kò sì mọ iye àkókò tó lò níbẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹun?" ó bi Akínlàjà nígbà tó padà sí ọsibítù.

"Mo rí i pé mò ń wúwo," Akínlàjà wí. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Mo rò pé oúnjẹ ni. Mo ní kí n máa dín in kù, kí n má bàa kó ìtìjú bá ẹ lójú èrò ní Ọjọ́ Ajé. Bí mo ṣe ń dín in kù, ló ń pọ̀ sí i. Kò yé mi rárá."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Pópóọlá mú lẹ́tà kan wá fún un, inú rẹ̀ sì ń dùn. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Ilé Ìwọ̀n ti wo ọ̀rọ̀ náà. Olùwọ̀n tẹ̀ lé ohun tí ẹ̀rọ sọ, ó wo ilé ìdáná, ó tẹ bọ́tìnì lásìkò. Kò ní ẹ̀bi kankan.

Dúróoríkẹ́ kà á tán. "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó sọ fún mi."

"Pé ó sọ kí ni?"

"Pé ẹsẹ̀ òun ń wú. Pé èémí òun kì í délẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, sà, kí n tó tẹ pupa."

"Kò sí àyè fún irú ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù."

"Ìyáàfin, wọ́n ti dá yín sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá yín sílẹ̀."

Ó yọ báàjì láyà rẹ̀, ó gbé e lé orí lẹ́tà náà. Pópóọlá pè é títí tó fi jáde. Kò sí ẹni tó lé e kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó yìn ín fún kíkúrò. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin mìíràn ti wà lórí àga náà. Ìbá rọrùn fún Dúróoríkẹ́ bó bá lè kórìíra ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n tó bá ti rántí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kò lè kórìíra rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀rọ sọ ohun tó mọ̀, kò ju ìyẹn lọ. Òun ni wọ́n fi síbẹ̀ láti mọ ìyókù.

Ó gbé Akínlàjà wá sí ilé ara rẹ̀ nígbà tí ọsibítù fi í sílẹ̀. Akínlàjà kò lè ṣoko mọ́. Láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà, ó ní láti sinmi. Ẹlòmíràn ti gba ilẹ̀ etí odò. Ebòlò ìlà méjì yẹn ti gbẹ láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kí Dúróoríkẹ́ lọ síbẹ̀.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé náà, ó se ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹja tútù se ṣọkọ, kò sì fi iyọ̀ sí i ju èyí tí dókítà fọwọ́ sí lọ. Ó fi ata àti irú dípò rẹ̀ kó lè dùn. Ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bu omi fún un láti fọwọ́. Akínlàjà wo abọ́ náà. Ebi hàn lójú rẹ̀. Kò na ọwọ́ sí i.

"Ṣé mo lè jẹ ẹ́?" ó béèrè.

"Dókítà ní kí ẹ máa jẹun dáadáa. Wọ́n ní ẹ nílò ẹran ara."

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí," Akínlàjà wí. "Ìwọ ni mò ń bi."

Dúróoríkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ tọrọ ìdáríjì, ó ti to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò jáde nínú wọn. "Ẹ jẹun, bọ̀ọ̀dá mi," ni ohun tó lè sọ.

Akínlàjà jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lo oṣù méje sí i láyé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Dúróoríkẹ́ ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹ̀wà tàbí ẹja tàbí ẹ̀fọ́, nígbà mìíràn iyán kékeré tí dókítà gbà láàyè nítorí adùn. Ó sọ fún un títí pé kó yé béèrè, pé kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n mọ́ látìgbà tí dókítà ti kọ̀wé àìsàn fún un. Akínlàjà á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò fi òkèlè kankan sẹ́nu kó má kọ́kọ́ wo ojú àbúrò rẹ̀.